Ìjẹta Ni Jímọ̀: Bí A Ṣe Lè Ṣàlàyé Àjíǹde fún Ọmọ Kékeré

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan ló bi mí ní ìbéèrè nípa ọjọ́ kẹta Àjíǹde ní kíláàsì sọ́ńdè sukúù wa ní Àkúrẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn tán pé wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì jíǹde lọ́jọ́ kẹta, ìyẹn Sọ́ńdè. Ọmọ náà na ìka sókè, ó ń kà á: "Jímọ̀ sí Sátidé, ọ̀kan. Sátidé sí Sọ́ńdè, méjì. Ànńtí, ọjọ́ méjì ni." Làwọn yòókù náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́, ó ní a kì í bá Bíbélì jiyàn. Mo ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀. Ọmọ yẹn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ìṣirò nílé ìwé ló ṣe kà á, kò sì ṣì í kà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ. Bí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá lọ́dọọdún. Àwa àgbà la kì í fara balẹ̀ dá wọn lóhùn, torí pé púpọ̀ nínú wa kò béèrè nígbà tí àwa náà wà léwe. A há Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ sórí, a dé ibi ọjọ́ kẹta, a sì kà á kọjá. Èmi gan-an ti di ìyá ọmọ kí n tó jókòó kà á níka.

Inú èdè tiwa ni mo ti rí ìdáhùn. Mo bi àwọn ọmọ náà pé, "Tí òní bá jẹ́ Sọ́ńdè, kí là ń pe Sátidé?" Wọ́n ní, "Àná." Mo ní, "Jímọ̀ ńkọ́?" Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Òkè-Àró ló wá dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ìjẹta."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka ọjọ́ tí a dúró sí mọ́ ọn: òní jẹ́ ọ̀kan, àná jẹ́ èjì, ìjẹta jẹ́ ẹ̀ta. Ẹni tó bá dúró ní àárọ̀ Sọ́ńdè Àjíǹde tó bojú wẹ̀yìn wo Jímọ̀, ìjẹta ló ń wò. Ọjọ́ kẹta ni lóòótọ́, kò sì sí ìṣirò kankan tí a ní láti fi ọgbọ́n yí.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Sọ́ńdè, Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo wa sì ń pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ kẹjọ. N kò tíì rí ẹni tó dìde níbi ìsọmọlórúkọ pé ọjọ́ méje péré ló jẹ́. Àwọn ìyá wa tó máa ń ná ọjà oko náà mọ ìṣirò yìí. Ọjà ọrọọrún tí wọ́n bá ná ní Mọ́ńdè, Jímọ̀ ni wọn yóò tún ná an: Mọ́ńdè, Túsìdeè, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀. Ọmọ ilé ìwé yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú márùn-ún, yóò ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Ìyá rẹ̀ àgbà yóò ní ọrún ni, torí pé ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí a parí sí wà nínú rẹ̀ méjèèjì.

Bí àwọn Júù ayé ìgbà Jésù ṣe ń kà á nìyẹn. Nínú Ìwé Ẹ́sítérì, ayaba ní kí àwọn èèyàn òun bá òun gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tọ̀sán-tòru, kí òun tó wọlé tọ ọba lọ. Ẹ ṣí orí tó tẹ̀ lé e: lọ́jọ́ kẹta ló wọ aṣọ oyè rẹ̀ tó lọ, kò dúró di ọjọ́ kẹrin. Jòhánù náà sọ nínú orí 20 pé Jésù fara han àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní alẹ́ Sọ́ńdè, Tọ́másì kò sí níbẹ̀, ó sì tún wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí Tọ́másì wà. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni ìjọ fi ń ṣe ìrántí ọjọ́ yẹn láti ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ kẹjọ ìsọmọlórúkọ ni, kò yàtọ̀ rárá.

Fún ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́sàn-án, a lè fi èyí kún un pé ìrọ̀lẹ́ ni ọjọ́ àwọn Júù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní fi ń dárúkọ àṣálẹ́ ṣáájú òwúrọ̀. Ọ̀sán Jímọ̀ ni Jésù kú, wọ́n sì sáré sin ín kí oòrùn tó wọ̀, torí Sábáàtì ti ń wọlé bọ̀. Ìwọ̀nba tó kù nínú Jímọ̀ yẹn, ọjọ́ kan ni. Láti ìgbà tí oòrùn Jímọ̀ wọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn Sátidé wọ̀, ọjọ́ kejì. Láti àṣálẹ́ Sátidé di ìdájí Sọ́ńdè tí àwọn obìnrin fi lọ síbi ibojì, ọjọ́ kẹta ti wọlé. Nígbà tí Jésù sọ nínú Mátíù 12 pé ọjọ́ mẹ́ta àti òru mẹ́ta bíi ti Jónà, bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́: bí ọjọ́ kan bá ti kàn ọ́ díẹ̀, o ti ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo èyí lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí. Ìjẹta ti tó o.

Wákàtí náà máa ń rú wọn lójú. Bíbélì ní òkùnkùn ṣú láti wákàtí kẹfà di wákàtí kẹsàn-án, àwọn ọmọ á sì wo aago ara ògiri, wọ́n á ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n ti ń ka wákàtí nígbà náà. Wákàtí kẹfà jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán, wákàtí kẹsàn-án sì jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán. Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ ìjọ ṣe ìsìn Jímọ̀ Rere láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta nìyẹn. Ọmọ tó bá mọ èyí á mọ ìdí tí òun fi jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kí ló wá dára nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Jímọ̀ Rere, ṣebí wọ́n pa á ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ọwọ́ àwọn Òyìnbó la ti gba orúkọ yẹn. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún rere tún dúró fún mímọ́ bí wọ́n bá ń sọ nípa ọjọ́ ìjọ. Àwọn Faransé ń pè é ní Jímọ̀ Mímọ́, orúkọ tí àwọn Jámánì sì fún un, ọ̀rọ̀ ìdárò ló wà nínú rẹ̀. Torí náà, ẹ má fipá mú ọmọ láti máa yọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n rí aṣọ dúdú lára wa, wọ́n gbọ́ bí orin ṣe rọlẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ọ̀fọ̀ ni. Ẹ sọ fún wọn pé lóòótọ́ ni, ọjọ́ ìbànújẹ́ ni, ọjọ́ mímọ́ sì ni. Orúkọ ọjọ́ kẹta ni kì í fún wa ní wàhálà. Àjíǹde: jí wà nínú rẹ̀, dìde wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń jí lárààárọ̀ mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ṣáájú Jímọ̀ ni Sọ́ńdè Ọ̀pẹ, ọdún kan sì wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dí mi lọ́kàn. A fún àwọn ọmọ ní imọ̀ ọ̀pẹ kí wọ́n máa jù ú bí a ṣe ń yí ìta kiri. Ọmọ kan kò gbà á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, "Ta ló kú?" Mo rò ó títí kó tó yé mi. Níbi tí ilé wọn wà, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ tó bá gbé òkú kọjá ni ọmọ náà ti máa ń rí imọ̀ ọ̀pẹ. Kò sì parọ́: a máa ń so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ iwájú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn tó wà lọ́nà lè mọ̀. Àwọn mìíràn ti rí màrìwò ní ojúbọ Ògún, wọ́n á ní kí ni tiwa nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó pín imọ̀ ọ̀pẹ, mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rí i rí. Lẹ́yìn náà ni mo ń sọ pé ní Jerúsálẹ́mù ayé ìgbà yẹn, òun làwọn èèyàn mú lọ́wọ́ jáde lọ pàdé ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba wọn. Bí ọba bá ń kọjá níwájú ààfin níbí, ṣebí àwọn kan á ju abẹ̀bẹ̀, àwọn kan á tẹ́ aṣọ. Kíá ló yé wọn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ọ̀rọ̀ ikú, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí àwọn òbí dúró lé lórí pẹ̀lú mi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ibojì. Lọ́dọ̀ wa, ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sin bàbá tàbí ìyá wọn sí iwájú ilé, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó, tí àwọn mìíràn sì lẹ táìlì sí i. Orí rẹ̀ làwọn ọmọ ń jókòó sí tí wọ́n bá ń ṣeré. Nígbà tí a bá ní Jésù jáde láti inú ibojì, ibojì yẹn ni wọ́n ń rí lọ́kàn. Ọmọ kan bi mí pé, "Báwo ló ṣe ti sìmẹ́ńtì náà kúrò?" Mo ní kí gbogbo wọn ronú kan Òkè Ìdànrè. Àwọn tó ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600 rí mọ bí àpáta ibẹ̀ ṣe rí. Mo ní, ká ní èèyàn gbẹ́ yàrá kékeré sínú àpáta bẹ́ẹ̀, tó ní ẹnu ọ̀nà tí a lè bẹ̀rẹ̀ wọlé, tí wọ́n wá yí òkúta ńlá dí ẹnu rẹ̀ bí ẹni yí táyà tírélà. Irú ibojì tí Jósẹ́fù ará Árímátíà tẹ́ Jésù sí nìyẹn. A fi páálí ìńdómì ṣe é, a gé páálí roboto fún òkúta, olúkúlùkù sì yí i kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí a tún un ṣe.

Èkejì, ẹ má sọ fún ọmọ pé Jésù sùn. Mo mọ̀ pé Yorùbá kì í fẹ́ pe ikú ní orúkọ rẹ̀ lójú ọmọdé. A máa ń sọ pé ẹni náà sùn, pé ó rìnrìn àjò, pé ó lọ sinmi. Ọ̀wọ̀ àti àánú ló ń mú wa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kò mọ̀ pé àfarasọ ni. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé Màmá sùn, tí kò sì rí Màmá mọ́, oorun lè wá máa bà á lẹ́rù. Bí a bá sì tún ní Jésù sùn, ó sì jí, kí ló wá ṣòro nínú ìyẹn? Òun náà jí láàárọ̀ yìí. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kó sì ṣe kedere: Jésù kú. Kò mí mọ́, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n sin ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sunkún. Ẹ má sọ nípa ìṣó àti ẹ̀jẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi Jímọ̀ nìkan lọ sílé. Ọmọ tó gbọ́ ìtàn náà dé ibi ibojì lónìí gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Sọ́ńdè kó tó dìde níbẹ̀, nítorí ọjọ́ méjì pẹ́ jù fún un.

Ẹ̀rù mìíràn ni èyí tí àwọn àgbà fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Nígbà tí mo wà léwe, olùkọ́ kan sọ fún wa pé gbogbo irọ́ tí a bá pa, ìṣó kan ni a tún ń kàn mọ́ ọwọ́ Jésù. Mo ti purọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nípa ẹran inú ìkòkò. Fún ọ̀pọ̀ alẹ́ ni n kò lè sùn, mò ń rò pé èmi ni mo pa á. Ó dá mi lójú pé ire ni olùkọ́ náà ń rò. Ṣùgbọ́n ẹrù yẹn wúwo ju ọmọ lọ. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ mi ni pé Jésù fẹ́ràn wa, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ á yé wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ìfẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ yóò bi ọ́ pé, "Ṣé àkúdàáyà ni?" N kì í jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ, àkúdàáyà ni ẹni tó kú síbí tó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó tiẹ̀ lè fẹ́ aya. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ará ilé rẹ̀ bá rí i? Àwọn ọmọ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: á pòórá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rí ló ń sá fún. Mo wá bi wọ́n pé, àwọn wo ni Jésù lọ bá? Ó pe Màríà Magidalénì ní orúkọ nínú ọgbà, nígbà tí ìyẹn rò pé olùtọ́jú ọgbà ni. Ó wọlé tọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa mọ́. Àwọn náà kọ́kọ́ rò pé iwin ni, Lúùkù kò fi pa mọ́ nínú orí 24. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan òun, ó tún béèrè oúnjẹ, wọ́n fún un ní ẹja yíyan, ó sì jẹ ẹ́ lójú wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rí gan-an ló ń wá kiri. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ ìyàtọ̀ yìí kì í bi mí léèrè iwin mọ́.

Ti àtúnwá ló tún kù, èmi kò sì rò pé ó yẹ ká fò ó. Yétúndé wà ní kíláàsì, Babátúndé wà níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún Yétúndé láti kékeré pé ìyá bàbá rẹ̀ ló padà wá, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Ó gbọ́ ti Àjíǹde, ó ní, "Bíi tèmi." N kò ní kó má jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé orúkọ yẹn ń sọ bí ilé wọn ṣe fẹ́ràn ìyá àgbà tó lọ, àti bí inú wọn ṣe dùn nígbà tí wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n òun ni òun, ìyá àgbà sì ni ìyá àgbà. Jésù kò padà wá bí ọmọ tuntun ní ilé ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló jíǹde, àpá ìṣó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí Tọ́másì rí. Lásárù àti ọmọbìnrin Jáírù ńkọ́? Àwọn ọmọ tó gbọ́n máa ń rántí wọn. Jésù jí àwọn náà, ṣùgbọ́n wọ́n padà kú nígbà tí ọjọ́ tiwọn pé. Òun kò ní kú mọ́.

Ìbéèrè tó le jù ni mo fi sẹ́yìn. Ọmọ kan tí a sin ìyá rẹ̀ àgbà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú bi mí lọ́dún kan pé, "Jésù lo ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ti lo oṣù mẹ́ta. Kí ló dé tí wọn kò tíì jí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè fèsì bí wọ́n bá bi yín ní irú èyí. Gbé ọmọ náà mọ́ra ná. Ohun tí mo rí sọ ni pé mo fẹ́ kí Màmá jí, èmi náà ní ẹni tí mò ń retí. Mo wá fi ọwọ́ hàn án igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, torí àkókò máńgòrò ni àkókò Àjíǹde níbí. Ẹyọ kan ti pọ́n lókè pátápátá, gbogbo ìyókù sì wà ní tútù. Mo ní, "Kí ni ọ̀kan tó pọ́n yẹn sọ fún ọ nípa àwọn tó kù?" Ó ní wọ́n máa pọ́n. Mo ní, "Nígbà wo?" Ó ní òun kò mọ̀. Pọ́ọ̀lù fi Jésù wé àkọ́so oko nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 15, ohun tí mo sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí tí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ń yí kiri ló kàn. Kérésìmesì kì í kúrò ní 25 oṣù kejìlá, Àjíǹde a máa sún síwá sẹ́yìn. Ní 2024, 31 oṣù kẹta ni. Ní 2025, 20 oṣù kẹrin. Ní 2026, 5 oṣù kẹrin. Ní 2027, 28 oṣù kẹta. Òṣùpá ló fà á. Ìgbà Ìrékọjá àwọn Júù ni wọ́n pa Jésù, àárín oṣù wọn, nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, sì ni Ìrékọjá máa ń bọ́ sí. Ní 325, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Nísíà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, wọ́n sì fẹnu kò pé Sọ́ńdè kan náà ni kí gbogbo ìjọ máa fi ṣe Àjíǹde. Òfin tí ìjọ wá ń tẹ̀ lé ni pé kí a dúró de òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti 21 oṣù kẹta lọ, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé òṣùpá yẹn ni Àjíǹde. Bí òṣùpá náà bá bọ́ sí Sọ́ńdè gan-an, a ó sún un sí Sọ́ńdè kejì, bó ṣe rí ní 2025 tí òṣùpá àrànmọ́jú bọ́ sí Sọ́ńdè 13 oṣù kẹrin. Nítorí náà Àjíǹde kò lè ṣáájú 22 oṣù kẹta, kò sì lè kọjá 25 oṣù kẹrin.

Àwọn ọmọ tó ní ìbátan Mùsùlùmí, wọ́n sì pọ̀ nínú wa, yóò ní bíi ti Iléyá ni. Òṣùpá ni méjèèjì ń wò lóòótọ́. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, títí yóò fi bọ́ sí ìgbà òjò, tí yóò bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àjíǹde ní tirẹ̀ kò lè jáde kúrò nínú àkókò rẹ̀, torí oòrùn náà wà nínú ìṣirò rẹ̀.

Ohun tó dára jù láti fi kọ́ ọmọ èyí ni ojú ọ̀run. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ẹ mú wọn jáde sí ìta, ní pàtàkì bí kò bá sí iná. Òṣùpá á máa tóbi lójú ọ̀run láàárín ọ̀sẹ̀ mímọ́, ó lè kún tán, ó sì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá. Ní 2026, Ọjọ́bọ̀ náà gan-an ló kún, 2 oṣù kẹrin. Ẹ sọ fún wọn pé irú òṣùpá báyìí ló wà lókè lálẹ́ tí Jésù ń gbàdúrà nínú ọgbà Gẹtisémánì, tí oorun gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti rí ọmọ tó wo òṣùpá náà títí tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì náà ń rú wọn lójú, torí bí a bá kà á láti Ọjọ́rú Eérú di Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, 46 ni yóò jẹ́. Sọ́ńdè mẹ́fà tó wà láàárín ni wọn kì í kà, torí ọjọ́ àjọyọ̀ ni Sọ́ńdè. Ní ti ẹyin tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ àti ehoro tí wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí nínú Bíbélì. Nílẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, wọn kì í jẹ ẹyin nígbà Lẹ́ńtì, adìẹ kò sì yé yíyé dúró. Nígbà tí Àjíǹde bá dé, ẹyin á ti pọ̀ nílé. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì kọjá.

Tiwa ni Gálílì, mo sì fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe pátì lásán. Áńgẹ́lì tó wà níbi ibojì sọ fún àwọn obìnrin pé Jésù ń ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì, pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí i. Ìdí tí a fi ń kó àwọn ọmọ jáde ní Mọ́ńdè Àjíǹde nìyẹn, tí a sì ń pe ìjáde náà ní Gálílì. Létí òkun ibẹ̀, Jòhánù orí 21 ní Jésù dáná èédú, ó yan ẹja, ó sì ní kí wọ́n wá jẹun. Ẹja 153 ni wọ́n rí nínú àwọ̀n wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Lọ́dún tí ọmọkùnrin yẹn bi mí ní ìbéèrè, pápá ilé ìwé kan ni a ṣe Gálílì sí. Àwọn ìyá gbé ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín wá, mo sì ní kí a dáná èédú kí a yan ẹja díẹ̀, kí àwọn ọmọ lè gbóòórùn ohun tí Pétérù gbóòórùn. Ọmọ náà wá bá mi, ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, epo ti dé ìgúnpá rẹ̀.

"Ànńtí, Mọ́ńdè la wà lónìí. Kí ni Jímọ̀ wá ń jẹ́?"

Kí n tó lanu, ọmọbìnrin Òkè-Àró ti kígbe láti ìdí iná pé, "Ìjẹrin!"

Ó gbé ẹja náà fún mi kí n bá òun dì í mú, ó na ìka ọwọ́ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà wọ́n.